Ọwọ́ Tó Kù Nínú Fọ́tò

Èmi ni mo máa ń ya Jenoféfà ní fọ́tò.
Kì í ṣe iṣẹ́ mi; àbúrò ìyá rẹ̀ ló bí mi,
owó dátà ló fi ń bẹ̀ mí lọ́wẹ̀.
Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi,
nílé ìsìn kékeré tó wà lẹ́yìn Kámpòósì,
níbi tí Fadá ti ń kọjú sí ògiri,
tó ń bá Ọlọ́run sọ Látìnì wúyẹ́wúyẹ́.

Léèsì dúdú ló máa ń fi borí.
Ó ní láti Sípéènì ló ti wá.
Irọ́ ni. Ní Balógun la ti rà á,
èmi ni mo dúró tì í nígbà tó ń ná an.

“Gbé fóònù sókè díẹ̀,” ni yóò wí láì la ẹnu,
bí ẹni tó ń gbàdúrà.
“Jẹ́ kí àbẹ́là wọ inú rẹ̀. Ṣé omijé yẹn hàn?”
Mo ní ó hàn.
Ó ní kí n tún un yà, ẹ̀gbẹ́ òsì ló dára jù.
Ìgbà mẹ́tàdínlógún kí agogo tó dún níbi pẹpẹ,
nígbà tó sì dún, a ò gbọ́.

Ẹ má bú òun nìkan.
Èmi náà máa ń jí lóru
ka ọkàn pupa tí wọ́n fi sí i
bí ẹni ń ka owó àjọ.
Ọkùnrin kan láti Póláǹdì kọ ọ́ pé ẹni mímọ́ ni.
Jenoféfà kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá kan wà tó máa ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
Màmá Leokádíà, ti ilé alájà tó ń sán ní Tòkunbọ̀.
Baba rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi
tí a ń kúnlẹ̀ tì gba Ara Olúwa.
Gèlè àǹkárá tó ti ṣá. Orúnkún tó ń dún kàkà.
Látìnì tirẹ̀ ti yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu,
Dòmínúsì fobísíkù,
etí ló fi kọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin,
kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni.
Jenoféfà, tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ tirẹ̀ lórí fóònù,
ní màmá ń ba èdè jẹ́ létí áńgẹ́lì.

“Gé ìyá yẹn kúrò,” ló wí,
“gèlè rẹ̀ ò bá léèsì mi mu.”
Mo gé e.
Mo fa etí fọ́tò síwá, mo fà á sẹ́yìn,
ó ku ọwọ́ kan tí kò ṣeé gé
àfi bí mo bá gé èjìká Jenoféfà mọ́ ọn:
ọwọ́ tó di àga mú,
rósárì tí wọ́n fi òwú ìpẹja so níbi tó ti já.
Ó ní kò burú, fi sílẹ̀, ó jọ ohun àtijọ́.

Lọ́jọ́ kan Màmá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.
“Ọmọ mi, ta lẹ máa ń yà nínú Míísà?”
Mo ní, “Jenoféfà ni, mà.”
Ó mi orí. “Mo rò pé Jésù ni.”
Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀.

Ní Bélú, oṣù àwọn òkú, Màmá sùn, kò jí.
Àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Kùtọnu,
wọ́n ń wá fọ́tò tí wọn yóò gbé síwájú pósí.
Ti ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n rí, ikán ti jẹ ojú rẹ̀.
“A gbọ́ pé ẹ máa ń ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀ṣì.”
Mo tú fóònù láti ìdí dé orí.
Èyí tí a kò gé, mo ti pa á rẹ́, àyè ò sí.
Ojú Jenoféfà kún ibẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n.
Màmá ní ọwọ́ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Jenoféfà gbé ọwọ́ náà síta,
ó kọ Rékúíẹ̀mù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.
Ọkàn ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo mọ̀, nítorí mo kà á.

Mo jẹ́wọ́. Fadá pẹ́ kó tó fọhùn lẹ́yìn aṣọ,
ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ níbi tí ìyá náà ń kúnlẹ̀ sí,
kí n fi fóònù sílé.
Mo fi sílé.
Mo kúnlẹ̀.
Ọwọ́ mi ò mọ ibi tí yóò dì mú.